Ta ni onígbọ̀wọ́ OS orí fóònù yín, kí ló sì máa kù nílẹ̀ tó bá kúrò?

Ìlò_Oko béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Fóònù 20 ni àwọn òṣìṣẹ́ wa ń gbé lọ sóko láti fi kọ orúkọ àgbẹ̀ àti ìwọ̀n oko sílẹ̀. Pixel 6a tòkunbọ̀ ni 14 nínú wọn, Infinix ni 6 tó kù. A fẹ́ gbé OS (ètò tó ń darí fóònù, bíi Android) tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé sórí wọn, kí wọ́n lè pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀gá wa ní OS tí kò bá ti ní ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn kò ṣeé gbára lé. Ṣé òótọ́ ni? Kí la máa yẹ̀ wò kí owó tó jáde, báwo la sì ṣe máa gbé e sórí fóònù láì bà á jẹ́?

Àgbà_Kernel dáhùn pé:

Ẹ kú ìbéèrè. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà lẹ́yìn OS kì í ṣe ẹ̀rí pé OS náà á dọ́jọ́ alẹ́. Ohun tó yẹ kí ọ̀gá yín bi àwọn tó ń tà á ni pé: lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ yìí bá palẹ̀ mọ́, kí ló máa kù tí ẹlòmíì lè gbé?

Ẹ wo CyanogenMod, OS tí wọ́n kọ́ láti ara kóòdù Android. Steve Kondik ló dá a sílẹ̀ ní 2009, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri ayé sì ń bá a gbé e lọ. Ní 2013 wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, Cyanogen Inc. Àwọn olùdókòwò kọ́kọ́ fi mílíọ̀nù 7 dọ́là sí i, wọ́n fi mílíọ̀nù 23 lé e kí ọdún náà tó parí, nígbà tó di oṣù kẹta 2015 wọ́n tún da mílíọ̀nù 80 sí i. OnePlus One tó jáde ní 2014 ti gbé e sórí kó tó kúrò nílé-iṣẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Cyanogen Inc. lọ bá Micromax ṣe àdéhùn pé Micromax nìkan ni òun máa bá ṣiṣẹ́ ní Íńdíà. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga ní Delhi, OnePlus sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ OS tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2016, wọ́n kéde pé sáfà tó ń kọ́ ẹ̀dà tuntun máa kú ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Mílíọ̀nù dọ́là tó lé ní 100, kò dá a dúró.

Kí ló bá wọn lọ? Orúkọ, nítorí ilé-iṣẹ́ ló ni ín lábẹ́ òfin. Sáfà náà lọ. Kí ló kù? Kóòdù, nítorí láísẹ́ǹsì (ìwé àṣẹ ìlò kóòdù) Apache 2.0 àti GPL kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ohun tó ti fi sílẹ̀ padà. Àwọn tó mọ kóòdù náà tinú-tòde náà kù. Kí ọdún tó parí wọ́n ti sọ ọ́ ní LineageOS, ní oṣù kìn-ín-ní 2017 ẹ̀dà rẹ̀ ti ń jáde. Síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù (fáìlì àṣírí tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan) ti yàtọ̀, fóònù kò sì ní gba update tí kọ́kọ́rọ́ mìíràn bu ọwọ́ lù. Wọ́n ní láti ṣe ẹ̀dà àkànṣe tó gbé àwọn èèyàn kọjá kí dátà wọn má bàa nù.

Ubuntu Touch náà rí bẹ́ẹ̀. Canonical, ilé-iṣẹ́ tó ni Ubuntu, kéde rẹ̀ ní 2013, fóònù BQ Aquaris E4.5 tó gbé e jáde ní 2015, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2017 sì ni Mark Shuttleworth, olùdásílẹ̀ Canonical, ní àwọn ò ná owó lé e mọ́. Àwùjọ UBports ti wà nílẹ̀ láti 2015, wọ́n sì ti ń gbé e sórí oríṣiríṣi fóònù, ìyẹn ni kò jẹ́ kó kú. Lónìí, àjọ tí kò wá èrè tó wà ní Jámánì ló ń bójú tó o. Bí UBports kò bá ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn, kóòdù á kàn wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó máa gbé e.

Firefox OS ti Mozilla ṣòro díẹ̀. Telefónica bẹ̀rẹ̀ sí í ta fóònù rẹ̀ ní Sípéènì ní oṣù keje 2013, ní ìparí 2015 Mozilla ní àwọn ò ní tà á lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Kóòdù rẹ̀ ni KaiOS (OS fún fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ní bọ́tìnì) gbé, tí Google fi mílíọ̀nù 22 dọ́là sí ní 2018, tí MTN àti Orange sì ta fóònù rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Ohun kan tó mú káwọn èèyàn ra fóònù wọ̀nyẹn ni WhatsApp. Láti oṣù kẹfà 2024, ẹni tó bá ra KaiOS kò lè gbé WhatsApp sórí rẹ̀ mọ́. Kóòdù lè ṣí sílẹ̀ títí, àmọ́ tí áàpù tí èèyàn torí rẹ̀ ra fóònù bá wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ yẹn ni fóònù wà.

Ṣàyẹ̀wò_Dára dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ìtàn rẹ̀. Èyí ni bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà yín, láì fi dátà ṣòfò. Ẹ wá repository (ibi tí wọ́n ń kó kóòdù sí) tí iṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù nínú OS náà, kí ẹ fi git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù) mú ìtàn kóòdù nìkan láì mú fáìlì:

`git clone --bare --filter=tree:0 ÀDÍRẸ́SÌ os.git`

Ẹ wọ inú fódà os.git, kí ẹ wá ka iye iṣẹ́ tó ti ibi ìmeèlì kọ̀ọ̀kan wá láàrin ọdún kan:

`git log --since="12 months ago" --format=%ae | sed 's/.*@//' | sort | uniq -c | sort -rn | head`

Tó bá jẹ́ ìmeèlì ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gba ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá dá òṣìṣẹ́ dúró, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Tó bá jẹ́ gmail ló pọ̀, ẹ má tíì yọ̀: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń san owó oṣù fún ló ń lo gmail. Ẹ pààrọ̀ `%ae` sí `%an`, kí ẹ yọ ẹsẹ sed kúrò, ẹ ó rí orúkọ. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń gbé gbogbo rẹ̀ rù.

Ẹ dán èyí wò lórí repository android_frameworks_base ti LineageOS. google.com ni ẹ máa rí lókè pátápátá. LineageOS kò ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn lóòótọ́, àmọ́ orí iṣẹ́ tí Google sanwó rẹ̀ ló dúró. Kí ọ̀gá yín mọ ìyẹn.

Lẹ́yìn kóòdù, ẹ wo orúkọ: ta ló forúkọ OS náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ilé-iṣẹ́ ni àbí àjọ tí kò wá èrè? Ẹ wo ìwé tí wọ́n ń ní kí olùkópa buwọ́ lù. Tí ìwé náà bá fún ilé-iṣẹ́ lágbára láti yí láísẹ́ǹsì padà nígbàkúùgbà, ẹ̀dà ọ̀la lè di títì pa, èyí tó wà nílẹ̀ nìkan ló máa wà ní gbangba. Ẹ sì wo bóyá gbogbo rẹ̀ ló ṣí. Sailfish OS ti Jolla dára, àwọn tó kúrò ní Nokia ló dá a sílẹ̀ nígbà tí Nokia fi MeeGo sílẹ̀ lọ bá Microsoft ní 2011, àmọ́ púpọ̀ nínú apá tí ojú èèyàn ń rí, ìyẹn àwọn bọ́tìnì àti ojú áàpù, kò ṣí sílẹ̀. Tí Jolla bá lọ, ẹlòmíì ní láti tún apá yẹn kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Fún LineageOS ní pàtàkì: ẹ lọ sí ojú ìwé fóònù yín lórí wiki.lineageos.org, kí ẹ wo orúkọ àwọn tó ń bójú tó o. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí ẹni náà sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, fóònù yín máa kúrò lórí àtòkọ.

Kóòdù_Gbangba dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ Google yẹn, nítorí Pixel lẹ ní lọ́wọ́. Ní oṣù kẹta 2025 Google kéde pé gbogbo iṣẹ́ Android yóò máa lọ ní kọ̀rọ̀, ìgbà tí ẹ̀dà bá jáde tán ni kóòdù máa bọ́ síta. Nígbà tí Android 16 jáde ní oṣù kẹfà ọdún náà, kò sí device tree (fáìlì tó ń sọ bí OS ṣe máa bá fóònù kan pàtó ṣiṣẹ́) ti Pixel nínú rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ọdọọdún ni wọ́n máa ń fi í síta tẹ́lẹ̀. Inú factory image (ẹ̀dà OS tí Google ti kọ́ tán fún fóònù) ni àwọn olùtọ́jú LineageOS àti GrapheneOS (OS mìíràn tó wá látinú kóòdù Android) ti ń tú ohun tí wọ́n nílò jáde báyìí. Ó ṣeé ṣe, wọ́n sì ń ṣe é, àmọ́ ó ń jẹ àkókò. Láísẹ́ǹsì kò yí padà rárá o. Ohun tí onígbọ̀wọ́ ń ṣe láì sí lábẹ́ àdéhùn ló dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, tí ẹ bá ń yẹ OS wò, ẹ ya ohun tí láísẹ́ǹsì fi dandan lé e sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ilé-iṣẹ́ kàn ń ṣe nítorí ó wù ú.

Ìkẹjà_Fláàṣì dáhùn pé:

Ẹ̀yin Ìlò_Oko, kí ẹ tó ra Pixel tòkunbọ̀ mìíràn, orí tábìlì ẹni tó ń tà á ni kí ẹ ti dán an wò. Èyí tí wọ́n ṣe fún Verizon ní Amẹ́ríkà, bootloader rẹ̀ (ètò tó ń gbé OS dìde nígbà tí fóònù bá tàn) kì í ṣí, kò sì sí owó tẹ́ ẹ san tó máa ṣí i. Ẹ so fóònù mọ́ Wi-Fi tàbí hotspot. Ẹ lọ sí Settings, About phone, ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀meje. Ẹ padà sí System, Developer options, ẹ wo OEM unlocking. Tó bá ṣeé tẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Tó bá ṣú, ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́, nítorí fóònù ní láti bá sáfà Google sọ̀rọ̀ kó tó mọ̀ bóyá wọ́n tì í. Tó bá ṣì ṣú, ẹ dá a padà fún un. Ẹ má gba "a máa bá yín ṣí i".

Ohun tí mo máa gbé sórí 6a fún iṣẹ́ oko ni GrapheneOS. Àjọ tí kò wá èrè ní Kánádà ló ń ṣe é, ọrẹ àwọn èèyàn ni owó rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ẹ ti bootloader padà lẹ́yìn iṣẹ́. Fóònù tó bá bọ́ sọ́nù lóko pẹ̀lú bootloader ṣíṣí, ẹni tó bá rí i lè gbé ohunkóhun sórí rẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe yàn án.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ kọ́kọ́ ṣe gbogbo update tí Google ní fún fóònù náà. Ẹ kó dátà jáde, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló máa nù, nígbà tí ẹ bá ṣí bootloader àti nígbà tí ẹ bá tì í. Ẹ lo okùn USB tó dáa tààrà sí ara kọ̀ǹpútà, kì í ṣe sí hub. Okùn tó ń ṣáájì fóònù dáadáa lè má gbé dátà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń dúró jù. Ẹ ṣí ojú ìwé web installer wọn nínú Chrome, Edge tàbí Brave. Firefox kò ní WebUSB (ohun tí ojú ìwé fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lórí okùn USB), ẹ má sì lo fèrèsé àdáni, ibi ìpamọ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ pa fóònù, bí ẹ bá ń tún un tàn, ẹ di bọ́tìnì tó ń dín ohùn kù mú títí yóò fi wọ fastboot (ipò tí fóònù ti ń gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà), lẹ́yìn náà ẹ tẹ bọ́tìnì ojú ìwé náà tẹ̀ léra: ṣí bootloader, gba ẹ̀dà, fláàṣì (gbé ẹ̀dà náà sínú fóònù), ti bootloader. Nígbà tó bá ń fláàṣì, fóònù á máa pa ara rẹ̀ tan ara rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sùn. Tí iná bá lè lọ níbi tẹ́ ẹ wà, láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí ẹ lò.

Tó bá tàn, àkọlé aláwọ̀ ìyeyè máa sọ pé OS mìíràn ló wà níbẹ̀, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kan á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi wọ́n wé èyí tó wà lórí ojú ìwé GrapheneOS fún 6a, lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí wọn ò bá bára mu, OS tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ti wọn. Lẹ́yìn èyí, ẹ padà pa OEM unlocking nínú Developer options.

Tó bá jẹ́ LineageOS lẹ yàn, ẹ má ti bootloader padà láé. Fóònù lè kú pátápátá. Ìkìlọ̀ mìíràn: Pixel 6, 6 Pro àti 6a tí ó bá ti gba Android 13 kò lè padà sí bootloader Android 12, nítorí náà ẹ má wá factory image àtijọ́ láti "tún un ṣe".

Àdùkẹ́_Sideload dáhùn pé:

Fún ẹni tó bá yan LineageOS: tí ẹ bá ń ṣe `adb sideload` (àṣẹ tó ń ti orí kọ̀ǹpútà gbé ẹ̀dà sínú fóònù), ó lè dúró lórí 47% kó kọ `adb: failed to read command: Success`. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fa okùn yọ níbẹ̀, wọ́n á sì ba iṣẹ́ jẹ́. Ó ti parí dáadáa ni. Ẹ wo ojú fóònù, kì í ṣe ojú kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá fẹ́ áàpù Google, inú recovery (ojú àtúnṣe tí fóònù ń ṣí láì gbé OS dìde) kan náà ni kí ẹ ti gbé e sí i, kí fóònù tó tan fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ kàn kọ́kọ́ tún recovery bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní ìbuwọ́lù rẹ̀ kò bá a mu, ẹ tẹ Yes, kọ́kọ́rọ́ LineageOS kọ́ ló bu ọwọ́ lù ú. Bí ẹ bá jẹ́ kó tan kí ẹ tó gbé e sí i, ẹ ó nu dátà tún un ṣe.

Ọmọ_Peckham dáhùn pé:

Áàpù báǹkì ńkọ́, ẹ̀yin ará? Play Integrity ti Google ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń mọ̀ bóyá OS tó wà lórí fóònù jẹ́ èyí tí Google fọwọ́ sí. GrapheneOS lè gbé Google Play sínú àpótí àdádó bí áàpù lásán, fóònù á ṣiṣẹ́, àmọ́ áàpù tó bá béèrè ìwé ẹ̀rí yẹn lè kọ̀. Ọwọ́ báǹkì ni ìpinnu wà. Tí àwọn òṣìṣẹ́ oko yín bá ń fi fóònù yẹn gba owó tàbí san owó, ẹ gbé OS sórí ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ gbé gbogbo áàpù owó sí i, kí ẹ ṣe ìsanwó kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ tó fọwọ́ kan 13 tó kù.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ ń wo Ubuntu Touch, ẹ béèrè VoLTE (ìpè tó ń gba orí 4G) kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. AT&T pa 3G ní oṣù kejì 2022, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Fóònù tí Ubuntu Touch ti ń ṣe VoLTE kò pọ̀, ìyókù kò ní lè gba ìpè níbẹ̀. Ojú ìwé fóònù kọ̀ọ̀kan lórí devices.ubuntu-touch.io ló ń sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Ìkẹjà_Fláàṣì dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ Infinix kù. Ẹ ò ní rí Infinix, Tecno tàbí itel lórí àtòkọ LineageOS. Kì í ṣe pé àwọn olùyọ̀ǹda kò fẹ́. Láìsí kóòdù kernel (ọkàn OS, tó ń bá ohun èlò inú fóònù sọ̀rọ̀) fóònù náà, kò sí ohun tí wọ́n máa kọ́. GPLv2, láísẹ́ǹsì kernel náà, ní kí ẹni tó ta kernel Linux fún ọ fún ọ ní kóòdù rẹ̀ tí o bá béèrè. Ẹ béèrè ní kíkọ: ẹ fi `adb shell cat /proc/version` mú ẹ̀dà kernel, ẹ kọ nọ́ńbà build àti orúkọ fóònù náà sí i, kí wọ́n má bàa fún yín ní ti fóònù mìíràn.

Ọ̀nà tó kù ni GSI, ẹ̀dà kan tó lè jókòó sórí oríṣiríṣi fóònù nítorí Project Treble, ètò tó ya OS sọ́tọ̀ kúrò lára kóòdù ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù, tó dé pẹ̀lú Android 8. Ẹ wò ó bóyá `adb shell getprop ro.treble.enabled` sọ pé true. Tí `adb shell getprop ro.product.cpu.abi` bá sọ arm64-v8a, ẹ̀dà arm64 lẹ máa mú. Tó bá sọ armeabi-v7a, bí ti ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tí RAM rẹ̀ kéré, ẹ̀dà a64 ló sábà máa ń bá a mu, arm64 kò ní tàn. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi irinṣẹ́ mtkclient kó apá ìpamọ́ nvram àti nvdata pamọ́ tí chip MediaTek rẹ̀ bá gbà, nítorí inú wọn ni IMEI wà. Fóònù tí IMEI rẹ̀ nù lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Lẹ́yìn tí bootloader bá ṣí, ẹ fi `--disable-verity --disable-verification` fláàṣì vbmeta (apá tí fóònù fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ti yí OS padà), ẹ ṣe `fastboot reboot fastboot`, kí ẹ wá ṣe `fastboot flash system`. Tó bá ní ààyè kò tó, ẹ pa apá product rẹ́ nínú fastbootd kí ẹ tún un ṣe, lẹ́yìn náà ẹ nu dátà.

Àmọ́ fún mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ oko lójoojúmọ́, èmi ò ní gbé GSI sí i. Kámẹ́rà, bluetooth tàbí ìtẹ̀ka lè má ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹnì kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń kọ́ GSI kan. Ẹ jẹ́ kí Infinix wà lórí OS tó bá a dé, kí ẹ máa fi Pixel rọ́pò wọn díẹ̀díẹ̀.

Ìlò_Oko béèrè pé:

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ọ̀gá ti gbọ́ ti Cyanogen, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé àwa náà lè fi owó díẹ̀ ti OS náà lẹ́yìn? Ibo ló dáa jù kí owó náà lọ? Ó tún béèrè bóyá ká máa kọ́ ẹ̀dà tiwa.

Àgbà_Kernel dáhùn pé:

Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn. Owó kékeré tó ń wá lóṣooṣù wúlò ju owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí sáfà àti ibi ìpamọ́ ẹ̀dà, oṣooṣù ni wọ́n ń gba owó wọn. Tí ẹ bá fẹ́ kí fóònù kan pàtó wà pẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú fóònù náà bóyá ó nílò ẹyọ kan sí i láti máa fi ṣe ìdánwò, kí ẹ rà á fún un. Tí àṣìṣe kan bá ń dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́, ẹ sanwó fún ẹni tó máa tún un ṣe, kí ẹ sì fi í ṣe àdéhùn pé inú kóòdù gbogbogbòò ni àtúnṣe náà máa wọ̀. Àtúnṣe tó bá wà lọ́dọ̀ yín nìkan, ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀dà tuntun bá jáde.

Ẹ̀dà tiyín? Ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Google ní kọ̀ǹpútà tó máa kọ́ AOSP (kóòdù Android tó wà ní gbangba) gbọ́dọ̀ ní ààyè 400 GB àti RAM 64 GB. Kóòdù nìkan gba nǹkan bíi 250 GB nínú rẹ̀. `repo init --depth=1` àti `repo sync -c --no-tags -j4` máa dín dátà kù púpọ̀. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ẹ tún `repo sync` náà pè, ibi tó dé ló máa ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí dátà ti wọ́n tí iná sì ń lọ, ẹ háyà sáfà fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ kọ́ ọ níbẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀dà tó parí nìkan wálé.

Kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù ló ṣe pàtàkì jù. Ní 2018, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú CopperheadOS, OS mìíràn tó wá látinú Android, láàrin olùdarí ilé-iṣẹ́ àti ẹni tó ń kọ kóòdù, ẹni tó ń kọ kóòdù sì pa kọ́kọ́rọ́ ìbuwọ́lù rẹ́. Fóònù tí OS náà wà lórí rẹ̀ kò lè gba update mọ́. Láti inú iṣẹ́ ẹni yẹn ni GrapheneOS ti jáde.

Tí ẹ bá kọ́ tiyín, ẹ fi irinṣẹ́ make_key ṣe kọ́kọ́rọ́ yín fúnra yín, ẹ má lo test key tó bá kóòdù wá, nítorí gbogbo ayé ló ní in, ẹnikẹ́ni sì lè bu ọwọ́ lu update èké fún fóònù yín. Ẹ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà dè é, kí ẹ kọ ọ́ sórí flash USB méjì. Kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, kí èkejì wà níbòmíì, kí èèyàn tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ má sì dín sí méjì. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, kí ẹnì kejì fi flash tirẹ̀ bu ọwọ́ lu ẹ̀dà ìdánwò kan, kí ó gbé e sórí fóònù kan. Bí fóònù náà bá gbà á láì béèrè kí a nu dátà, kọ́kọ́rọ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́.